Ṣé ibi tí The Gods Are Not to Blame parí sí nìyẹn? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ará Kábà

Òkun o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ mọ eré orí ìtàgé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèré kan gbé The Gods Are Not to Blame wá sí gbọ̀ngàn ní Kábà níbí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àrùn ti ń pa ará ìlú, tí Odéwálé ọba sì ń búra pé òun yóò wá ẹni tó fà á rí. Odéwálé wá rí i pé òun gan-an ni. Ó fọ́ ojú ara rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń lọ. Ni iná bá kú, alága ètò gba máìkì, ó ní ká pàtẹ́wọ́. Ó tán!

Ta ló wá jọba? Àrùn yẹn ńkọ́, ṣé ó lọ? Adérópò tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn láìṣẹ̀ láìrò ńkọ́? Ó dùn mí gan-an, torí eré náà gbámúṣé títí dé ibẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn ni, àbí ẹgbẹ́ náà ló gé e? Wọ́n ní àwọn ń gbé e padà bọ̀ ní oṣù Kejìlá nígbà tí àwọn ará ẹ̀yìn odi bá wálé. Kí la lè bá wọn sọ?

Tíṣà Ìjùmú

Òkun, ará Kábà. Wọn ò gé e. Ibi tí òǹkọ̀wé parí rẹ̀ sí nìyẹn, àmọ́ ó jọ pé wọ́n fi ìkánjú ba ibẹ̀ jẹ́. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ orí ìtàgé.

Ola Rotimi ló kọ ọ́. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1971. Orí eré Sophocles ará ilẹ̀ Gíríìkì ló gbé e lé, Oedipus Rex, tí wọ́n ṣe ní Athens ní nǹkan bí ọdún 429 ṣáájú ìbí Kristi. Eegun ìtàn méjèèjì dọ́gba: ọmọ tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ pa, tí kò kú, tó wá ṣe é láìmọ̀.

Ẹ wá wo ìyàtọ̀ tó wà níparí. Nínú ti Gíríìkì, Oedipus ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n lé òun kúrò nílùú. Creon, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tí ìjọba bọ́ sí lọ́wọ́, ní ó di ìgbà tí òun bá tún béèrè lọ́wọ́ òrìṣà. Oedipus di àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì mú, Creon ní kó tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì mú ọkùnrin náà wọ ààfin padà. Kò lọ síbì kankan. Ola Rotimi ló jẹ́ kí ọba dìde, kó kó ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó jáde kúrò ní Kútùjẹ́, kí ará ìlú sì kúnlẹ̀ fún un bó ṣe ń lọ. Òun ló tilẹ̀ fi kún ìparí náà.

Ìdáhùn àwọn ìbéèrè yín wà nínú eré yẹn, ṣùgbọ́n ó ti wọlé kí ojú ọba tó fọ́. Adérópò, ọmọ Adétùsà ọba àná àti Ojúọlá ni, àbúrò Odéwálé ni. Ojúọlá yìí náà ni ìyá tí Odéwálé fẹ́ láìmọ̀. Ilé ọba kò ṣófo. Ní ti àrùn, iṣẹ́ tí Adérópò jẹ́ láti Ilé-Ifẹ̀ ni pé ẹni tó pa ọba àná wà láàárín ìlú, àfi tí wọ́n bá mú un kúrò kí ara tó tù wọ́n. Bí Odéwálé bá ti kọjá ẹnubodè, ohun tí Ifá béèrè ti ṣẹ nìyẹn. Ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn Adérópò, ọjọ́ tí Gbọ̀nkà, ẹni tí wọ́n ní kó lọ pa ọmọ náà, lanu ló bọ́. Òǹwòran tí ìbànújẹ́ ti gbé lọ kò ní rántí gbogbo èyí, àgàgà bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ náà wúyẹ́wúyẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí èèyàn ṣì ń wá àga.

Ìdí tó fi ń sáré níparí ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé eré náà ró: ta ló pa Adétùsà? Bí ìdáhùn bá ti dé, kò sóhun tó kù tó ń fa ìtàn síwájú. Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gíríìkì, yin eré Sophocles nítorí èyí gan-an: ìgbà tí ènìyàn mọ òtítọ́ àti ìgbà tí ayé rẹ̀ yí padà bọ́ sí àkókò kan náà. Ẹ wo Àlàkà, ará ibi tí Odéwálé ti dàgbà. Ó wá sọ pé Ògúndélé, ẹni tí Odéwálé mọ̀ sí bàbá, ti kú. Ó yẹ kí ọkàn Odéwálé balẹ̀, torí bí bàbá bá ti kú ikú ara rẹ̀, ọmọ kò lè pa á mọ́. Láti ẹnu Àlàkà yìí kan náà ló ti gbọ́ pé Ògúndélé kọ́ ló bí òun. Ìròyìn ìtura ló di okùn ọrùn. Láti ibẹ̀ dé òpin, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni.

Ọmọ Yàgbà

Tíṣà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n èrò tó wá wòran kò ka ìwé wá látilé. Bí ẹni márùn-ún bá jáde tí mẹ́rin ń béèrè pé "ó ti tán ni?", nǹkan kan kù. Ohun tí mo rò ni pé kí ẹgbẹ́ náà fi ìran kékeré kan kún un, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Kí àwọn ìjòyè fi Adérópò jẹ, kí aláìsàn kan dìde, kí ìlù dún. Ẹ wo Hamlet, eré Shakespeare. Gbogbo wọn kú tán lórí ìtàgé, síbẹ̀ Fortinbras, ọmọ ọba ilẹ̀ mìíràn, wọlé wá gba ìjọba, Horatio, ọ̀rẹ́ Hamlet, sì wà láàyè láti ròyìn. Òǹwòran mọ ibi tí ìlú dúró sí kó tó lọ sílé.

Tíṣà Ìjùmú

Ọmọ Yàgbà, ohun méjì ni kò jẹ́ kí n fara mọ́ ọn.

Èkíní, òfin. Ola Rotimi kú ní ọdún 2000. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà dáàbò bo iṣẹ́ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, ìyẹn títí òpin 2070. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gbé e jáde fún gbogbo èèyàn ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ẹ̀tọ́ náà. Kí wọ́n kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà, kí wọ́n sọ ọjọ́, ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é, iye àga àti iye owó ìwọlé. Fífi ìran tuntun kún un jẹ́ àṣẹ mìíràn lọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí ìparí padà bó ṣe wù yín, eré Sophocles fúnra rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lè ṣì ní ẹ̀tọ́ lórí ìtumọ̀ tirẹ̀.

Èkejì ló ká mi lára jù. Láti ìran àkọ́kọ́ ni Shakespeare ti ń dárúkọ Fortinbras. Kò já bọ́ láti òkè lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Nínú eré tiwa, ìkúnlẹ̀ àwọn ará Kútùjẹ́ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ọkùnrin tó ba ìlú jẹ́ láìmọ̀, tó sì fẹnu ara rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́, òun ni wọ́n kúnlẹ̀ fún. Bí wọ́n bá tún kúnlẹ̀ fún ọba tuntun ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, ìkúnlẹ̀ àkọ́kọ́ ti di èké. Ojú òǹwòran á sì kúrò lára ẹni tí wọ́n ti bá jìyà fún wákàtí méjì.

Olùdarí Eré, Ìsánlú

Tíṣà ti sọ òdodo ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sórí pákó ìtàgé, torí ibẹ̀ ni àtúnṣe wà, kì í ṣe inú ìwé.

Bí ìparí eré yìí bá já lu òǹwòran lójijì, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n gé. Gbọ̀ngàn sábà máa ń gbà wọ́n láàyè wákàtí méjì. Ẹgbẹ́ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé, ohun tó sì máa ń yá wọn lára láti gé ni Àlàkà, wọ́n á ní apanilẹ́rìn-ín lásán ni, àti ìran ìjà lórí oko lẹ́bàá Ẹdẹ, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ mẹ́ta ti pàdé, tí Odéwálé ti fi ọkọ́ pa àgbàlagbà kan. Àwọn gan-an ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ̀rín tí Àlàkà bá mú wọlé ni yóò jẹ́ kí ohun tó tẹ̀lé e dun èèyàn wọ eegun. Bí òǹwòran kò bá sì fojú rí ìjà yẹn, ẹ̀sùn lásán ni ìpànìyàn náà yóò jẹ́ létí wọn. Ẹ má gé ọ̀rọ̀ iwájú tí Atọ́kùn ìtàn ń sọ bí wọ́n ti ń bí ọmọ náà, ẹ má sì gé iṣẹ́ tí Adérópò jẹ́ láti Ilé-Ifẹ̀. Ibi tí ọwọ́ lè kàn ni àríyànjiyàn àwọn ìjòyè nígbà tí wọ́n bá ń tún kókó kan náà sọ, orin tó gùn, àti òwe tó lé òwe lẹ́nu ẹni kan náà. Ẹ yọ ìlàjì wákàtí kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀ fún ìran tó kẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rìn. Èyí ni mo rí pé ó ń ba ìparí jẹ́ jù lọ nínú eré yìí. Afọ́jú tuntun kì í sáré. Bí láti ìtàgé dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbọ̀ngàn bá jẹ́ 20 mítà, tí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdajì mítà, ìṣísẹ̀ 40 nìyẹn. Ẹ fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá méjì: 80 ìṣẹ́jú àáyá láìsí ọ̀rọ̀ kan. Lójú òṣèré, ó gùn bí ọdún. Lójú òǹwòran, àyè ìmí ni. Àárín èrò ni kí wọ́n gbà kọjá, kì í ṣe ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, kí àwọn tó jókòó lè yí ọrùn tẹ̀lé wọn, kí àwọn náà di ará Kútùjẹ́ tó ń wo ọba wọn bó ti ń lọ. Ẹ fi ọmọ méjì síwájú tó di ọ̀pá mú, méjì sẹ́yìn. Kí èyí tó kéré jù má sunkún. Ọmọdé tó bá ń sunkún á gba ojú kúrò lára bàbá rẹ̀, òṣèré kékeré kì í sì í mọ bí a ti ń dá ẹkún dúró.

Ní ti aláìsàn tí Ọmọ Yàgbà fẹ́ kó dìde: àwọn tó gbé aláìsàn wá síwájú ààfin nínú ìran àkọ́kọ́, àwọn kan náà ni kí ó kúnlẹ̀ ní ìran tó kẹ́yìn, pẹ̀lú aṣọ kan náà, ní ibi kan náà lórí ìtàgé. Ìyá tó gbé ọmọ sẹ́yìn nígbà yẹn, kó ṣì gbé e. Òǹwòran á dá wọn mọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tuntun, kò sí ìran tuntun, òfin kò ní ẹjọ́ kankan bá yín rò.

Ọmọ Yàgbà

Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn dáadáa. Ṣé kò ní burú kí ìyá yẹn fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ náà, kó rí i pé ara rẹ̀ ti tutù?

Olùdarí Eré, Ìsánlú

Mi ò ní gbà á. Òǹkọ̀wé kò sọ pé ọmọ náà yè. Kó gbé e, kó kúnlẹ̀, kó wo ọba. Ìyókù di ọwọ́ òǹwòran.

Onílù Mọ̀pà

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlù kún un. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí onílù máa lu ìlù kíkankíkan bí ọba bá ti ń jáde, bí ẹni ń sin ìyàwó. Ìlù tó ń sáré a máa sọ fún etí pé "ẹ múra, ó ti ń tán". Ẹ lo ìyáàlù dùndún kan ṣoṣo, ẹ fi gángan sílẹ̀, ohùn rẹ̀ lé jù fún ibẹ̀. Ìlù kan fún ìṣísẹ̀ méjì. Tó bá dé ìṣísẹ̀ 30, ẹ dákẹ́ pátá, kí mẹ́wàá tó kù jẹ́ ìró ọ̀pá àti ti ẹsẹ̀ nìkan. Onílù gbọ́dọ̀ jókòó síbi tó ti ń rí ẹsẹ̀ ọba, kó má máa fi etí tẹ̀lé e.

Bí ẹ bá fẹ́ orin arò, kí obìnrin kan ṣoṣo dá a láti ibi tó kúnlẹ̀ sí, láìsí máìkì, láìsí agbè. Ẹsẹ méjì tó. Kó dá a ní èdè tí ìlú yẹn ń sọ: Ọ̀wọ́rọ̀, Ìyàgbà, Ọ̀wẹ̀, èyí tó bá jẹ́ tiyín. Orin arò tí ẹni tó jókòó mọ̀ láti ilé òkú gidi, kò sí ohun tí iná tàbí aṣọ lè ṣe tó tó o.

Ará Kábà

Àwọn wọ̀nyí lohun tí mo ń wá. Ṣùgbọ́n iná yẹn ńkọ́? Ojijì ló kú, mi ò mọ̀ bóyá àwọn ló pa á tàbí iná ìjọba ló lọ.

Oníná Ẹ̀gbẹ́

Bó bá ṣe pé ẹ kò mọ èyí tó jẹ́, wọ́n ti kùnà nìyẹn, torí òǹwòran Nàìjíríà mọ ohun kan bí iná bá kú lójijì: ó ń retí kó padà wá. Kò ní rò pé eré tán.

Gbọ̀ngàn wa kò sábà ní ohun tí wọ́n fi ń dín iná kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ lo iná flood LED mẹ́rin, oní-50 wáàtì kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní súwíìṣì tirẹ̀. Méjì dojú kọ àárín ìtàgé, ọ̀kan wà níbi àga ọba, ọ̀kan wà lókè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ọba yóò gbà jáde. Bí Odéwálé bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ pa ti àga ọba. Bó bá dé ìdajì ọ̀nà, ẹ pa ọ̀kan nínú ti ìtàgé. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá ti kọjá ilẹ̀kùn, ẹ pa ti ilẹ̀kùn. Ó ku ẹyọ kan lórí àwọn tó kúnlẹ̀. Ẹ ka mẹ́wàá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ẹ tó pa á. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta súwíìṣì máa wo ìwé, kó máa wo ọmọ tó kẹ́yìn.

Iná mẹ́rin yẹn jẹ́ 200 wáàtì. Ẹ fi ẹ̀rọ agbóhùnjáde oní-300 kún un, ó di 500, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo epo pò mọ́ ọ́ìlì á gbé e. Ẹ má fi fáànù sórí rẹ̀: bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, á fa agbára, gbogbo iná á sì ṣẹ́jú. Ẹ fà á jìnnà tó 30 mítà pẹ̀lú wáyà 2.5 mílímítà, wáyà tínínrín á gbóná, agbára iná á sì dín kù. Ẹ̀yìn ògiri ni kó wà, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé èéfín kúrò, kò gbọdọ̀ sí lábẹ́ fèrèsé rárá torí èéfín yẹn a máa pa èèyàn. Àkókò ìsinmi ni kí ẹ rọ epo sí i, kí ẹ pa á kó tutù kí ẹ tó ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹ má ní "ó ṣì kù díẹ̀". Díẹ̀ yẹn máa ń tán nígbà tí Gbọ̀nkà bá fẹ́ sọ̀rọ̀.

Kí iná alágbára bátìrì méjì ti wà ní títàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìran tó kẹ́yìn, kí wọ́n dojú wọn kọ ògiri. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú, ẹni kan á kàn yí wọn sórí ìtàgé, eré á sì máa lọ.

Ohun kan tún kù: òjò. Lórí òrùlé páànù, kò sí máìkì tó lè borí rẹ̀. Oṣù Kejìlá kò ní fi bẹ́ẹ̀ yọ yín lẹ́nu, ọyẹ́ ni yóò gbẹ òṣèré lọ́fun. Bí ẹ bá ṣe é láàárín oṣù Kẹrin sí Kẹwàá tí òjò sì bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró ní ìparí ìran, ẹ má pariwo ọ̀rọ̀ Gbọ̀nkà borí òjò. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò ní mọ ìdí tí ojú ọba fi fọ́.

Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Kábà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ibi tí Sophocles ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Oedipus lẹ́yìn ìgbà yẹn?

Tíṣà Ìjùmú

Ó wà, ọmọ mi. Nínú Oedipus at Colonus, ó ti darúgbó, ọmọ rẹ̀ obìnrin Antigone ló ń fà á lọ́wọ́ kiri, ó sì dé ilẹ̀ kan nítòsí Athens níbi tó ti rí ìsinmi. Sophocles kú ní 406 ṣáájú ìbí Kristi. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gbé eré yẹn jáde ní 401. Eré Antigone ni èyí tó sọ ohun tó bá àwọn ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni Sophocles kọ́kọ́ kọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní nǹkan bí 441. Nítorí náà wọn kì í ṣe apá kìíní, ìkejì, ìkẹta bí fíìmù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, wọn kò tilẹ̀ bára mu pátápátá. Ẹ kà wọ́n bí ìyókù ìtàn Oedipus bá ń gbé yín nínú, ṣùgbọ́n nínú ìdánwò ẹ má kọ pé Odéwálé dé Athens. Kútùjẹ́ ni tiẹ̀, ojú ọ̀nà ni òǹkọ̀wé sì fi í sílẹ̀ sí.

Ẹ tún lè ka Death and the King's Horseman ti Wole Soyinka, tó jáde ní 1975. Soyinka fúnra rẹ̀ béèrè pé kí wọ́n ṣe é láìsí ìsinmi láàárín. Ó mọ̀ pé bí èèyàn bá jáde lọ ra pọ́ọ̀fù, ẹrù tó wà láyà rẹ̀ á fúyẹ́. Níparí rẹ̀, Ìyálọ́jà ló kọ ojú ìyàwó tuntun kúrò lọ́dọ̀ òkú, sọ́dọ̀ ọmọ tí a kò tíì bí. Bí àwọn eré wọ̀nyí bá ń tù wá nínú, ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n máa ń fi ṣe é.

Aránṣọ Ìyàrà

Ẹ kò tíì mẹ́nu kan ojú ọba. Mo ti rí i tí wọ́n da ọbẹ̀ tòmátò sójú òṣèré, tí èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín níbẹ̀ ti ba gbogbo ìparí jẹ́, kò sí ìrìn tàbí ìlù tó lè tún un ṣe.

Ẹ fi sobo ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ méjì òdòdó sobo gbígbẹ sínú ife omi mẹ́ta, ẹ sè é títí yóò fi ku ife kan, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ po ṣíbí ìjẹun kan sítáàṣì mọ́ omi tútù díẹ̀, ẹ dà á sínú rẹ̀ lórí iná pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ́, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki. Bó bá tutù, ẹ fi ṣíbí kékeré kan ìyẹ̀fun kòkó kún un kó lè dúdú díẹ̀. Ẹ má lo ohun mímu tó ní ṣúgà, èèrà àti eṣinṣin á wá. Bí kánún bá kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á yí sí àwọ̀ aró, torí náà ìkòkò tí ẹ fi se ewédú oníkánún kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ wò ó lábẹ́ iná tí ẹ máa lò gan-an. Iná LED funfun máa ń sọ ọ́ di àwọ̀ elésè àlùkò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bu osùn díẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí ẹ sè é ni kí ẹ lò ó, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti kan. Kì í tètè fọ̀ kúrò lára aṣọ funfun, ẹ wá aṣọ tí kò wọ́n fún ọba ní ìran yẹn.

Kò gbọdọ̀ kan ẹyinjú. Ìrépé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dúdú, ìṣẹ́po méjì, ni kí ẹ dì mọ́ ọn lójú. Ẹ ti fi ẹ̀jẹ̀ yẹn pa á tẹ́lẹ̀ kó gbẹ. Bí iná bá kọjú sí i, èrò á rò pé aṣọ tó nípọn ni, òṣèré á sì máa rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ wá fi èyí tó ṣì tutù sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, nísàlẹ̀ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó ṣàn wá sí àgbọ̀n. Ìwọ̀nba ni o. Ihò ojú méjì tó dúdú dẹ́rù ju garawa ẹ̀jẹ̀ lọ.

Olùdarí Eré, Ìsánlú

Ìyá mi, òkun o. Ẹ jẹ́ kí n so ti Ojúọlá mọ́ ọn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń pàdánù òǹwòran. Ẹ̀yìn ojú wa ló pa ara rẹ̀. Àwọn ará Gíríìkì náà kì í sábà pa èèyàn níwájú èrò, ońṣẹ́ ló máa ń wá ròyìn. Torí náà ìgbà tó ń wọ yàrá lọ ni ikú rẹ̀ lójú tiwa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sí iwájú rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ìlù, kí ó sì fi ojú kan Odéwálé kó tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí ó lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láti ibi tó wà dé ẹnu ilẹ̀kùn. Bí ó bá sáré wọlé bí ẹni tí omi ọbẹ̀ rẹ̀ ń jó, ikú rẹ̀ á bá èèyàn lójijì, wọ́n á sì máa bi ara wọn pé "ta ni wọ́n ní ó kú?" nígbà tí ọba ti ń fọ́jú.

Ará Kábà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó ti wá yé mi pé kò sóhun tó kù nínú ìwé, àyè ni kò sí. Màá kó gbogbo rẹ̀ jọ fún ẹgbẹ́ náà. Ó ku alága ètò. Ọ̀rẹ́ àwọn tó gbówó kalẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó lè gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Olùdarí Eré, Ìsánlú

Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fún un ní iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú. Gbogbo ìdúpẹ́, orúkọ àwọn tó gbówó kalẹ̀, ìkéde mọ́tò tó dí ọ̀nà, kó ṣe é kí eré tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà ìsinmi. Bí ìran tó kẹ́yìn bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń mójú tó ohùn pa máìkì rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ.

Ẹ tún tẹ ìwé kékeré ojú ìwé kan, kí ẹ pín in lẹ́nu ọ̀nà: orúkọ àwọn ènìyàn inú eré, ẹni tó jẹ́ ọmọ ta ni títí dé ibi tí kò ní tú àṣírí, àti ìlà méjì lórí iṣẹ́ tí Adérópò lọ jẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn tí iná bá ti kú tán, ẹ fi òkùnkùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ wá tan iná gbọ̀ngàn, kì í ṣe ti ìtàgé. Àwọn ará ìlú tó kúnlẹ̀ ni kó kọ́kọ́ dìde wá tẹríba. Ojúọlá àti Odéwálé ló máa kẹ́yìn, kí Odéwálé sì ti tú nẹ́ẹ̀tì ojú rẹ̀ kó tó wọlé, kí àwọn ọmọdé tó wá wòran lè rí i pé ojú rẹ̀ kò fọ́.